Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Nínú Láàbù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ kẹ́míkà ní Houston, ẹ pè wọ́n ní ará Rọ́ṣíà. Ọmọ Ukraine ni wọ́n. Ẹni tó bá ṣi ìlú wọn pè, wọn á dá ẹ̀kọ́ dúró, wọn á ya máàpù sójú pátákó, wọn á fi ẹfun fa ààlà nínípọn, kí wọ́n tó padà sórí ọ̀rọ̀ ásíìdì. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé bí èèyàn bá pe ará Iléṣà ní ará Ifẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980 ni mò ń wí yìí. Ọ̀gá yìí, tí a ń pè ní Bàbá, ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, iná ti jó aṣọ funfun iṣẹ́ wọn lójú ibi mẹ́ta, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rán an. Láàárín ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti máa ń sọ ìtàn ayé wọn fún wa díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílùú wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Wọ́n ní inú gbòǹgbò kan tí wọ́n ń wú nílẹ̀ ni àwọn ti ń yọ ṣúgà. Mo rò pé wọ́n ń tàn wá jẹ ni. Ṣúgà nínú ohun tó jọ iṣu! Èmi tí mo fi eyín já ìrèké dàgbà.

Ogun Àgbáyé Kejì lé wọn kúrò nílé. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n rí orúkọ Sugar Land, nítòsí Houston, lórí máàpù, wọ́n sì rò ó pé ìlú tó bá ń jẹ́ Ilẹ̀ Ṣúgà kò lè ṣe kó má ní iṣẹ́ fún ẹni tó mọ ṣúgà. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ méjì gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tó nǹkan nígbà yẹn, nítorí náà iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n rí, nílé ẹ̀kọ́ tiwa gan-an. Wọ́n gbálẹ̀ fún ọdún méjì, títí di ọjọ́ tí ìgò ásíìdì ńlá kan fọ́ nínú láàbù. Akẹ́kọ̀ọ́ sá, olùkọ́ sá. Bàbá nìkan ló wọlé. Wọ́n da sódà tí wọ́n kó wá láti kíṣìnnì lé e lórí, wọ́n dúró títí ó fi hó tán, wọ́n nù ún mọ́, wọ́n sì jáde wá bínú pé ta ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn. Ọjọ́ yẹn ni àwọn aláṣẹ tó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Bí wọ́n ṣe di olùkọ́ nìyẹn.

Ní tèmi, iṣẹ́ kan ń dúró dè mí ní Deer Park, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó tò lọ létí omi. Àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní kí n ṣáà ti mú èsì ẹ̀kọ́ láàbù mi wá kí sáà tó parí. Oyún oṣù méje ló wà nínú ìyàwó mi, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń gbé kiri ní daycare látàárọ̀. Bí mi ò bá rí èsì yẹn mú lọ, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún níṣẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Nínú apartment tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń gbé, a ní ìwé láàbù kan tó jẹ́ àjogúnbá. Ẹ̀gbọ́n kan ló kọ ọ́, ó gba A, ó fi sílẹ̀ fún àbúrò, àbúrò náà fi sílẹ̀ fún àbúrò tirẹ̀. Abẹ́ Bíbélì la máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò sì le. Èèyàn á máa jẹ́ kí omi sódà kán láti inú ọ̀pá dígí gígùn sínú ásíìdì, tó, tó, tó, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á wá ka iye tó ti lò. Mo kà á, ó jẹ́ mọ́kàndínlógún. Mo ṣí ìwé ẹ̀gbọ́n, mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe. Mọ́kàndínlógún náà ni. Ta ni mí tí ojú mi á máa bá ìwé ẹ̀gbọ́n tó gba A jiyàn? Wọ́n kúkú kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nílé. Mo kọ mẹ́rìnlélógún.

Mi ò mọ̀ pé Bàbá máa ń yí ohun tó wà nínú ìgò padà lọ́dọọdún, àti pé ìgò kálukú yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Nígbà tí wọ́n dá ìwé mi padà, òdo róbótó ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ojú ta ló rí èyí?"

Mo gbé òdo délé. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí.

"Daddy, ṣé ẹ tiẹ̀ ti bẹ̀ wọ́n?"

"Mo sọ fún wọn pé I'm sorry, sir."

"Sorry! Ẹ̀bẹ̀ yín nìyẹn? Professor tó mú destiny yín dání, ẹ lọ dúró ṣánṣán níwájú wọn bí òpó iná, ẹ ń sọ sorry. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nílé bàbá yín nìyẹn? Ẹ lọ dọ̀bálẹ̀, jàre. Àgbà kì í wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kó má ṣàánú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, mo de táì, mo wọ láàbù lọ́sàn-án. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń fọ ìgò. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo rọra gbé báàgì mi kalẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà nílẹ̀, àgbọ̀n nílẹ̀.

Bàbá yíjú padà.

Igbe tí wọ́n ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n fi áńkáṣíìfù di imú, wọ́n fọwọ́ gbá ẹ̀rọ ìdágìrì ara ògiri, agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní gbogbo ilé náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan gbá kọ́là mi mú, wọ́n fi èkejì gbá bẹ́líìtì mi, wọ́n wọ́ mi sábẹ́ ṣáwà tí wọ́n ń tọ́jú fún ẹni tí ásíìdì bá dà sí lára, wọ́n sì fa ṣéènì rẹ̀. Omi tutù dà lé mi lórí wìì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì mí sà!" ni mò ń ké ní Yorùbá lábẹ́ omi.

"Gáàsì ti dé ọpọlọ rẹ̀!" ni Bàbá ń ké. "Ó ti ń sọ ìsọkúsọ!"

Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti dúró síta níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Àwọn panápaná wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá gáàsì. Èmi jókòó lórí kọnkéré, ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ mi lára, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, Bàbá sì ń na ìka sí mi lójú pé kí n ka iye tó jẹ́. Panápaná jáde, ó ní àwọn ò rí gáàsì kankan. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

"Kí ló wá gbé ẹ ṣubú?" ni Bàbá bi mí.

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Mo ní, "Mi ò ṣubú, sà. Mò ń bẹ̀ yín ni. Bí a ṣe ń bẹ àgbà nílùú wa nìyẹn."

Àwọn panápaná kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra jókòó tì mí lórí kọnkéré.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan," ni wọ́n wí. "Níbi iṣẹ́ kẹ́míkà, nílé. Aláwàdà ni. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, mo rò pé eré tó máa ń ṣe ni. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kí n tó sáré. Kò dìde mọ́. Gáàsì ti ń jò láti àárọ̀. Ẹni tó ń ka géèjì tó ń wọn gáàsì rí i, ṣùgbọ́n ó kọ iye tí wọ́n máa ń kọ lójoojúmọ́ sínú ìwé."

Ìtìjú òdo tó wà nínú ìwé mi tutù ju omi tó wà lára mi lọ.

Bàbá bi mí pé, "Bí ẹnì kan bá ṣe báyìí fún àgbà nílùú yín, kí ni àgbà máa ń ṣe?"

"Á gbàdúrà fún un, sà, á ní kó dìde."

"Dìde, lọ sílé," ni wọ́n wí. "Àdúrà, mi ò mọ̀ ọ́n. Wá lọ́la. Ìgò tuntun."

Mo wá. Mi ò mú ìwé àjogúnbá lọ́wọ́. Mo ka ti àkọ́kọ́, ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èkejì náà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀kẹta jẹ́ márùndínlógójì. Ó wù mí kí n gé márùndínlógójì yẹn sọnù, kí ìwé mi lè mọ́ tónítóní. Mo fi í síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà kẹta, ẹ̀rù ń bà mí, mo jẹ́ kó kán kọjá." Bàbá kà á, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn nìkan, wọ́n sì kọ èsì tí yóò gbé mi dé Deer Park.

Mo gba iṣẹ́ náà. Ìyàwó mi sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ìdọ̀bálẹ̀ tí òun dá lámọ̀ràn ló ṣiṣẹ́, mi ò sì lè já a nírọ́ tán.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá ní láàbù. Bí mo ṣe ń tẹríba báyìí, wọ́n na ọwọ́ sókè.

"Dúró!"

Wọ́n fa imú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n yẹ ẹnu ẹ̀rọ gáàsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí fèrèsé méjèèjì, wọ́n gbé àga kan kúrò lójú ọ̀nà.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣubú báyìí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ tí orúnkún wọn ń dún bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ìwúwo ọwọ́ wọn lẹ́yìn mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè wọn. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo ṣe àmín.

"Dìde," ni wọ́n wí.

Mo dìde. Wọn ò gbójú kúrò lára mi títí mo fi dúró ṣánṣán.