Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì

Ìyàwó mi ò bínú lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà wọlé. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka tẹ ìbòrí rẹ̀ tó ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹni ń dán iṣu wò lọ́jà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí agbẹjọ́rò.

"Dádì wọn, ọmọ mélòó la bí?"

"Mẹ́ta."

"Ìjókòó mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Méjì."

"Ṣé tèmi wà nínú méjì yẹn?"

Onítáyà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu géètì wa, ọmọ Ọ̀yọ́ tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá òun, ti pa ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà kó lè gbọ́ dáadáa. "Màmá, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa jókòó sí jàre," ó ní. "Ẹ ó máa rí iwájú ju ọkọ yín lọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá Ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn lábẹ́ fúláàtì wa, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn nà gbọnrangandan síwájú bí igi. Àwọn ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò lójú lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ ni mò ń wò.

Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi dé ìdí ọkọ̀ náà. Olóòtú wa ní kí n lọ kọ̀wé nípa àwọn kan tó máa ń fi ọkọ̀ àtijọ́ sáré ní ọjọ́ Sátidé, lójú títì gbọọrọ kan nínú ẹ́sìtéètì tí wọn ò tíì kọ́lé sí, lọ́hùn-ún ní ìhà Àjá. Mo lọ pẹ̀lú bírò mi, mo sì ti pinnu pé màá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, ará Akowonjo, ní kí n wọlé tì wọ́n nínú ọkọ̀ pupa kékeré kan, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. A sáré yí ibẹ̀ po. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò rántí ìbéèrè kankan mọ́.

"Ó ti mú ọ," Bàbá ní. "Mo rí i lójú rẹ."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàbá pè mí lórí fóònù. Dókítà ojú ti ní kí wọ́n yé wakọ̀. Mo bá wọn nínú ọgbà wọn, wọ́n ń ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó ń sùn.

"Mi ò fẹ́ tà á fún ẹni tó máa lọ gbé e kalẹ̀ fún àlejò wò," wọ́n ní. "Ṣé wàá máa wà á?"

"Màá máa wà á, sà."

"Ṣé wàá fi sáré?"

"Màá fi sáré."

"Ó tó."

Kí n tó lè rà á, mo ní láti ta wágọ̀n tí mo ní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní àdúgbò wa ní Egan láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó láyè lẹ́yìn, ti gbogbo ilé ni ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Wágọ̀n mi ti gbé aláboyún, ó ti gbé ẹrù ìyàwó, ó ti gbé àga ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹní mọ́sálásí. Wọn kì í bẹ̀ mí, wọ́n kàn máa ń kanlẹ̀kùn ni.

Lọ́dún yẹn, Màmá Ìsàlẹ̀ ló ń lò ó jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, abọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Igando, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà òjò, pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, orúnkún wọn sì fọ́. Àwọn dókítà fi POP, ìdè funfun líle ti ọsibítù, dè é. Nígbà tí wọ́n tú POP náà, ẹsẹ̀ kọ̀, kò ká. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba ní Igando, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tẹ ẹsẹ̀ náà, tó ń fà á, tó ń rọra ká a. Màmá á jókòó ní ìbú sórí ìjókòó ẹ̀yìn wágọ̀n, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí rẹ̀ tán, wọ́n á máa kí àwọn ènìyàn láti ojú fèrèsé bí ẹni tó jẹ oyè.

Ìṣojú mi ni obìnrin náà ti kìlọ̀ fún wọn. "Màmá, orúnkún yìí á ká o. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ. Tí a bá fi í sílẹ̀, bó ṣe wà yìí ló máa gan."

"Kí n ṣáà lè fi orí kanlẹ̀," Màmá ní. "Mi ò ní mo fẹ́ jó."

Nínú ọkọ̀, wọ́n tún sọ ọ́ fún mi. "Orí àga ni mo ti ń kírun látìgbà náà, Oníròyìn. Ó ń ṣe mí bíi pé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo dúró sí tí mò ń kí Ọlọ́run."

Kí n tó ta wágọ̀n náà, mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀, pé òun ni á máa gbé wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mi ò wọn ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà, mi ò sì wọn ẹsẹ̀ Màmá.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, wọ́n jáde pẹ̀lú ìborùn funfun. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n wò ó sókè, wọ́n wò ó sílẹ̀.

"Níbo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà?"

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn, Màmá."

"Háà. Mo rò pé fèrèsé ni."

A fi ìdí wọn ṣáájú, ẹsẹ̀ kù síta. A fi ẹsẹ̀ ṣáájú, kò kọjá ibi dáṣíbọ́ọ̀dù. A ti ìjókòó sẹ́yìn títí kò fi lọ mọ́, ẹsẹ̀ ṣì gùn jù ú lọ. Onítáyà dúró tì wá, ó ń darí wa bí ẹni ń darí tírélà. "Màmá, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ máa lọ, kí ẹsẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn!"

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, ọmọ burúkú yìí!" Màmá ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi, ìyàwó mi àti onítáyà la jọ fà wọ́n jáde. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Ọkọ̀ rẹ dára," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀ ọ́n wọ̀. N ó gun ọ̀kadà. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Mo sì lọ. Mo ká ìbòrí ọkọ̀ sẹ́yìn. Ní oríta Igando, ẹni tó ń darí ọkọ̀ fi sálúùtù kí mi. Inú mi dùn. Bó ṣe rí ni mò ń kọ ọ́ yìí: inú mi dùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo béèrè ọ̀rọ̀ ọsibítù lọ́wọ́ Màmá.

"Wọ́n ní kí n sinmi ná."

"Ẹ kú ìsinmi o, Màmá."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, ìbéèrè kejì ni. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ti àkọ́kọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ló sọ ọ́? Ṣé ó wà lórí ìwé? Mo ti fi ìbéèrè kejì dá àwọn ọ̀gá ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n ń làágùn. Mi ò bi Màmá. Ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní Sátidé, mo wà ní Àjá. Bàbá ẹnjiníà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń pariwo mọ́ mi: "Yé tẹ búréèkì nínú kọ́nà! Tẹ̀ ẹ́ kí o tó débẹ̀!" Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n tẹ̀, ọkọ̀ náà yí kọ́nà bí omi tó ń yí nínú abọ́, n kò sì rántí ọsibítù, n kò rántí ilé, n kò rántí ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, ohun tí mo rà náà nìyẹn.

Mẹkáníìkì mi ní Ikotun ló wá dá àbá kan. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ṣì wúwo fún eré. Ìjókòó kejì yẹn, ta ló ń jókòó síbẹ̀?"

Mo ronú díẹ̀. "Kò sẹ́ni."

Ó mú sípánà.

Ìjókòó tí ó yọ yẹn ni mo gbé lọ́wọ́ wọ ilé ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan. Ilẹ̀kùn Màmá Ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀. Orí àga oníke ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ń kírun, wọ́n ń tẹ orí ba díẹ̀ níbi tó yẹ kí iwájú orí wọn kan ilẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi sálámà, tí ìrun parí.

"Kí lo gbé yẹn?"

"Ìjókòó ọkọ̀ ni, Màmá. A yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́."

"Ó wá ku ẹyọ kan." Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ wa. "Dádì wọn, ẹ bi wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n lọ sí ọsibítù gbẹ̀yìn. Èmi ti bi wọ́n títí."

Mo gbé ìjókòó náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì jókòó lé e. Ó jẹ́ kí n rẹlẹ̀ sí Màmá.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ sinmi?"

"Àwọn ọsibítù."

"Ta ni nínú wọn?"

"Kí ló dé? Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

"Oníròyìn ṣì ni mí, Màmá."

"Èmi ni mo sọ fún ara mi." Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀. Takisí kì í wọ àdúgbò wa tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́. Wọ́n gun ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ wọn yọ síta bí ọ̀pá. "Ọlọ́kadà ní, 'Ìyá, ẹ ká a díẹ̀ jàre.' Mo ní tó bá ń ká, ṣé n ó wá ọ ni? A ò tíì dé oríta tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ mi lọ. Mo kígbe. Ó sọ̀ mí kalẹ̀ níbẹ̀, ó lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́, kí lo fẹ́ ṣe? O fẹ́ lọ gba wágọ̀n padà?" Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. "Mo máa ń gbọ́ ẹ tí o bá ń fọ ọkọ̀ yẹn láàárọ̀. O máa ń kọrin. O kì í kọrin tẹ́lẹ̀."

Ìyàwó mi ló rí ọ̀nà. "Ibi tí ẹ ti yọ ìjókòó yìí, ṣé kò láyè?" Ó láyè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀ níbẹ̀. A ká ìbòrí ọkọ̀ sẹ́yìn, èmi àti onítáyà gbé Màmá sókè, a sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti òkè bí ẹni ń gbé ìkòkò sínú àpótí. Ẹsẹ̀ nà tán pátápátá. Láti ìta, orí ìborùn nìkan ló hàn.

"Sọ fún mi tí a bá dé Igando o," Màmá ní láti ìsàlẹ̀. "Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí."

Mò ń rọra wà á ju bí ènìyàn ṣe ń rìn lọ, nítorí gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ló ń kan Màmá nídìí. Ọlọ́kadà kan kọjá wa, ó yíjú padà: "Ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ eré mà ni!"

Obìnrin tó ń tẹ ẹsẹ̀ náà dìde nígbà tó rí wa. "Màmá, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?"

Mo la ẹnu. Màmá yára jù mí lọ. "Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi ló bímọ." Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ẹlẹ́rìí ti purọ́ níṣojú mi láìmọye ìgbà. Kò tíì sí èyí tó purọ́ nítorí tèmi rí.

Obìnrin náà tẹ orúnkún, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ó ti gan díẹ̀. A ó máa gbìyànjú."

A ò pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ mọ́. Orúnkún náà ká, ó ká tó ohun tí Màmá fi lè gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n sì padà sọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró síbẹ̀, kò ká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi obìnrin náà nígbà tí Màmá ti jáde: ṣé àwọn ọ̀sẹ̀ tí wọn ò wá yẹn ló fà á?

"Ó ṣeé ṣe," ó ní. "Ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ti fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ parí ìròyìn púpọ̀, mo sì ti sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ wọ́n.

Láàárọ̀ Iléyá ọdún náà, Màmá ní àwọn fẹ́ kírun ní Yídì, pápá ìrun ọdún. A gbé wọn sínú ọkọ̀ láti òkè bí a ṣe ń ṣe. Ó wá ku àga oníke. Mo gbé e síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, kò sí ibi tó gbà á. Ìyàwó mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìjókòó méjì ló ní nígbà tí ẹ gbé e wá," ó ní. "Ó ti di ẹyọ kan. Èmi ni mo ni ín lónìí."

Wọ́n lọ. Mo gbé àga rù, mo sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Onítáyà kọjá mi pẹ̀lú agbádá tuntun. "Oníròyìn, ẹ sáré díẹ̀ o! Ìmáàmù ò ní dúró de àga!"

Mo bá Màmá níbi tí wọ́n fara ti ọkọ̀ lẹ́yìn àwọn obìnrin. Mo gbé àga kalẹ̀ sí ìparí ìlà wọn. "O ò mà yára," wọ́n ní, wọ́n sì fọwọ́ nu òógùn lójú mi.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mo padà sẹ́yìn, mo dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi. Ìmáàmù ké "Allahu Akbar", gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n tẹrí ba, wọ́n tún dìde. Lẹ́yìn náà ni gbogbo orí lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé etí pápá. Ìborùn funfun kan ló kù lókè.