Aago Bàbá Mi àti Àdín Ìyá Mi

Ní ilé wa, ohun tí ọkùnrin bá wọ̀ sára títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí ọdún yóò fi yí po. A ó dì í sínú aṣọ funfun, a ó sì gbé e sínú àpótí. Lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan, ẹbí á jókòó, wọ́n á tú aṣọ náà, wọ́n á pín ohun tó wà níbẹ̀: fìlà fún eléyìí, bàtà fún tọ̀hún. Èyí tó bá ti bá olóògbé kú nínú wọn, bí ọ̀pá tó ṣẹ́ tàbí ìkòkò tábà tó là, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ibojì, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

Bí aago ọwọ́ bàbá mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ ibojì lọ ni mo fẹ́ sọ, àti bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ èmi gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í síbẹ̀. Kò gùn, àmọ́ n kò ní sáré sọ ọ́.

Nígbà tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ọ́, ilé ẹ̀rọ kan wà lágbègbè Adja-Ouèrè tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ìkòkò irin ńlá tó ń hó níbẹ̀, kó má bàa bẹ́ pa èèyàn. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀rọ máa ń sọ pé bí òun bá rí bàbá mi nídìí ìkòkò yẹn, òun á lọ sùn. Lọ́jọ́ tí òyìnbó náà ń padà sílé, kò fún un ní ìwé ẹ̀rí, kò fún un ní aṣọ. Ó bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀, ó so ó mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ òsì, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Ó lé ní ogójì ọdún tí bàbá mi fi wọ̀ ọ́. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ oko, ó ń wọ̀ ọ́ lọ Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wọ̀ ọ́ ro ilẹ̀. Kò yí orí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí kó tó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni kí wọ́n fi nǹkan sí i nínú. Bí a bá bi í pé kí ni aago náà ń jẹ, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Apá mi ni oúnjẹ rẹ̀." A rò pé ó ń fọ́nnu ni. Ọkùnrin Ọ̀họ̀rí, ìran tiwa, kúkú lè fọ́nnu.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí a sin ín, ìyá mi ní kí wọ́n gbé aago náà wá kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Ojú ìyá mi ti ṣú. Ó ń rí òjìji èèyàn, kò rí ojú èèyàn mọ́. Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni òun fi gbé orí lé ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn yẹn, àti pé láti ìgbà tí kò ti sí mọ́, ilé náà ti fẹ̀ jù fún òun.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ni olórí ẹbí báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Ó ṣí i. Ó ní, "Ìyàwó, gbígbọ́ kì í ṣe wíwọ̀. Gbà, gbọ́."

Ìyá mi gbé e sí etí ọ̀tún. Ó gbé e sí etí òsì. Ó dá a padà fún un.

Bàbá Kékeré fi etí tirẹ̀ náà gbọ́, ó mi orí. "Ó ti bá a lọ. Aago gidi ni. Kò fẹ́ sin ẹlòmíràn."

Mo ní, "Bàbá Kékeré, irin ni o. Irin kì í ṣọ̀fọ̀."

"Mẹ́tìrì!" Bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n bó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó máa ń ní ata nínú. "Mẹ́tìrì tó mọ ohun tí irin ń rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé e lọ, má ṣe wọ̀ ọ́. Bó bá sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ ìrántí, tìrẹ ni. Bí kò bá sọ̀rọ̀, a ó fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní jẹ́ kó máa wá a kiri lọ́hùn-ún."

Ìyá mi kò pa ekùrọ́ kankan lọ́jọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láti kékeré mi, yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ àti ọjọ́ tí wọ́n sin òkú nìkan ni mo rí i kó fi òkúta ekùrọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo wé aago náà sínú áńkáṣíìfù funfun, mo gbé e lọ ọjà Adja-Ouèrè, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòòrùn, tó sì ń fi píìlì tuntun, ìyẹn bátìrì pẹlẹbẹ, sínú aago àwọn èèyàn. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ìdí aago náà. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín gbé aago yìí?"

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti jí píìlì inú rẹ̀."

Mo wo inú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ eléyín wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, òkúta pupa kéékèèké sì ń tàn láàárín wọn bí èso ata. Mo ní, "Àyè tí píìlì lè jókòó sí gan-an, n kò rí i."

Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n jí píìlì, wọ́n jí ilé píìlì. Olè tó mọṣẹ́ ni."

Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo gbà á gbọ́. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí sémì, ìyẹn alùpùpù akérò, tí mo gùn padà sí Tatonnonkon, níbi tí mo ti ń kọ́ni. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa yẹn ń gbé wa sókè, ó ń jù wá sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ nǹkan nínú àpò àyà mi. Kì í ṣe ọkàn mi. Ó yá ju ọkàn mi lọ.

Aago náà ń sọ̀rọ̀.

Inú mi dùn dé ibi tí mo fi gbàgbé olè. Mo gbé e sórí aṣọ mímọ́ nínú dúrọ́ọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti dákẹ́. Bàbá Kékeré gbọ́, ó ní aago náà kàn padà wá kí wa ni. Èmi ò gbà. Mo jókòó, mo rò ó bí ọmọ Adja-Ouèrè ṣe ń ro nǹkan: ìlẹ̀kùn tó bá ń ké, àdín, kẹ̀kẹ́ tó bá le, àdín, orúnkún tó bá ń ro ni, àdín. Kí ló wá dé tí n kò tíì fún aago ní àdín? Ìgò kan wà nílé mi, èyí tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ, dúdú, mímọ́. Mo fi orí ọ̀bẹ ṣí ìdí aago, mo fi ìyẹ́ adìyẹ kán an sí i lára, mo sì mì ín dáadáa kó lè dé ibi gbogbo.

Ó ṣiṣẹ́! Ojoojúmọ́ ni mo ń kán an, tí mo ń mì ín, tó sì ń ṣiṣẹ́. Mo ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá aago sílẹ̀ láyé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo igi ọ̀pẹ mọ́ wa lójú, aago náà dákẹ́. Mo mì ín títí apá fi ro mí, kò dáhùn. Ọjọ́ ìrántí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé e lọ bá ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Kí lo ní o fi sí i?"

"Àdín, Ìyá. Mo rò pé ó gbẹ ni."

"Àdín wo?"

"Èyí tí ẹ yọ fún mi."

Ó ní, "Wọ inú yàrá, gbé ìgò àdín wá fún mi."

Mo gbé e wá. Ó yí ẹnu ìgò náà sísàlẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀kán kan ò jáde. Ó ti dì gbagidi bí ó ṣe máa ń dì lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, bí mo ṣe ti rí i láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tí a ó gbé ìgò sínú oòrùn kó tó yọ́.

Ó ní, "Bó ṣe rí nínú ìgò yìí ló ṣe rí nínú aago bàbá rẹ." Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ òkú. "Mẹ́tìrì mi! Ojú èmi ló fọ́, ìwọ ni o kò rí ìgò." Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Jọ̀wọ́, wá a kíákíá."

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń tún aago ṣe ni mo rí ní ìlú Àjàṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju àpótí oúnjẹ lọ. Ó fi awò kan ṣoṣo há ojú, ó ṣí aago náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ń rùn bí orí ọmọ tuntun. Ta ló fi àdín pa aago lára?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

Kò bi mí mọ́. Ó tú u palẹ̀ sórí aṣọ funfun, èyí tó kéré jù nínú wọn kò tó ojú èèrà. Ó ń fi omi kan tó ń rùn bí ẹsáǹsì, ìyẹn epo ọkọ̀, fọ̀ wọ́n, ó sì ń sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ká bí ẹní sínú agolo. Ó fẹ́ tú ara rẹ̀ ká, ìyẹn ni agbára aago. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kó tú lẹ́ẹ̀kan náà, á ti parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Nítorí náà ni irin oníka méjì kan ṣe dúró bí obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi: eyín kẹ̀kẹ́ kan kọjá, ó tì í, eyín kan kọjá, ó tì í. Títì yẹn ni ohùn tí à ń gbọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni irin wúwo kan tó dà bí ìlàjì òṣùpá. Ó fi ìka tì í, ó yí wọ̀ọ́.

"Ẹ rí eléyìí? Bí apá bá mì, ó yí. Bó bá yí, ó ká ẹní. Aago yìí kì í jẹ píìlì. Apá ni ó ń jẹ."

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi sọ ọ́ fún wa.

Ó bi mí pé, "Ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Kò sí. Ẹni tó ni ín ti kú, ọdún ò tíì pé."

Ó mi orí. "Ebi ló pa á, nígbà náà. Kò bá ẹnikẹ́ni kú."

Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ó ní àwọn tó ń kó irú aago bẹ́ẹ̀ jọ ń wá a kiri láti òkè òkun, tí wọ́n á fi í sínú gíláàsì, tí wọ́n á máa wò ó. "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló wà. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ tó ń lu nǹkan. Apá tó ń lọ tó ń bọ̀ ló fẹ́, kò fẹ́ lílù."

Títí di ọjọ́ ìrántí, mo ń mú un sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń ju apá síwá sẹ́yìn láràárọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé apá ń dùn mí.

Lọ́jọ́ náà, ẹbí jókòó. Mo gbé áńkáṣíìfù lé Bàbá Kékeré lọ́wọ́. Ó gbé aago náà sí etí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó di ojú, mo sì rí i pé kì í ṣe pé ó fẹ́ kí aago náà kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò fẹ́ fi nǹkan dù.

Ó ní, "Ó ń sọ̀rọ̀. Mẹ́tìrì, tìrẹ ni."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá Kékeré, ẹ dárí jì mí. Ìgbà kan wà tí mo rò pé ẹ̀yin lẹ jí píìlì inú rẹ̀."

"Píìlì? Kí ni n óò fi í ṣe, ṣé n óò fi se ọbẹ̀ ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo so aago náà mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mú òkúta lu ekùrọ́. Ọwọ́ òsì ló ń lọ sínú agbọ̀n, tó ń bọ̀, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó gbé e sí etí. Kò sunkún. Ó kàn ní kí wọ́n gbé agbọ̀n ekùrọ́ òun wá.

Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó wa ti di òyìnbó!"

Ó dá a lóhùn pé, "Ọkọ mi, aago tí ẹ máa jẹun, èmi ni n óò máa sọ fún yín."

Ìgbàkígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n tó dọ̀bálẹ̀ kí i tán ni á ti na apá sí mi létí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó tó bọ́ ọ lọ́wọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà Àjàṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọyẹ́ pàápàá. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá mi kì í pa ekùrọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ náà, nínú ọyẹ́ tí gbogbo èèyàn fi aṣọ bo orí, ẹ ó rí arúgbó kan lórí ìjókòó iwájú tó ń fi ọwọ́ òsì tí aago wà fẹ́ abẹ̀bẹ̀.