Ejò Tó Ń Ṣọ́ Agolo Òjò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Awọnjò ti fi ń wọn òjò fún ìjọba, kò sì tíì sí òjò tó bà á lẹ́rù. Bí àrá ń sán, abẹ́ igi ni yóò dúró sí, tí yóò máa jẹ ẹ̀pà. Bí odò kún, yóò ká ṣòkòtò sókè, yóò máa kọrin kọjá. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń rákò, tàbí tó kàn ń wo ènìyàn láìsọ̀rọ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀ létí rẹ̀. Kí ó tó wọ bàtà láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀, jọ̀ọ́, jáde."

Ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ hàn án lọ́jọ́ kan. "Wò ó dáadáa. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, omi gbé ènìyàn mẹ́rin lọ, àrá pa ẹnìkan, ìjì wó ilé méje. Ẹranko ńkọ́?"

Awọnjò wá ojú ìwé náà títí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí: ewúrẹ́ tó kan akọ̀wé kan ní ìdí.

"Ẹ ò rí i, sà?" ni ó wí. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀!"

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Agolo kan wà láàárín koríko lẹ́yìn ọ́fíìsì, tó ń gba òjò. Láràárọ̀, yóò da omi rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fàlà sí lára, yóò kọ iye ìlà tí omi dé sínú ìwé, yóò sì pe Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, lórí fóònù. Aránṣọ ni Ìyá Ìbejì, etí odò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí òjò bá ti kọjá ogójì, odò yóò wọlé kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ oníbàárà sórí tábìlì. Kì í wo ojú ọ̀run rárá. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Awọnjò bá ejò tó ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. Ejò náà ò sọ nǹkan kan. Awọnjò náà ò dúró gbọ́. Ó sá wọlé, ó ti fèrèsé, ó fi ojú wọn òjò láti inú ọ́fíìsì, ó kọ "méjìlá". Ọjọ́ kejì, ó tún fojú wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, òjò òwúrọ̀ rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fọ́ àmù lójú ọ̀run. Ó yọjú, ó rí ejò, ó kọ "ogún".

"Ogún péré?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í lórí fóònù. "Pẹ̀lú gbogbo ariwo yìí?"

"Ariwo lásán ni. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ní aago mọ́kànlá, ó tún yọjú. Ejò ò sí nílẹ̀ mọ́. Ó ti wé mọ́ orí òpó ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ń wo omi tó bo koríko. Awọnjò mọ̀ pé òjò ti kọjá ogójì. Ejò tí òun ń sá fún, omi ni ejò náà ń sá fún!

Ó pe ìyàwó rẹ̀, kò gbé e. Bí ẹ̀rọ bá ń ké, kì í gbọ́ fóònù. Ni ó bá fi eré sí i. Abẹ́ ejò gan-an ló gbà jáde, kò tilẹ̀ rántí bẹ̀rù.

Omi ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tó débẹ̀. "Gbé e! Gbé e!" Wọ́n gbé ẹ̀rọ, wọ́n kó aṣọ, àwọn fúnra wọn sì gun tábìlì. Omi gba abẹ́ wọn kọjá, ó kó bàtà àwọn méjèèjì lọ.

"Bàbá Ìbejì, mélòó ni òjò yìí gan-an?"

"Mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mi ò ti wọ̀n ọ́n. Ejò kan…"

"Ó bù yín jẹ?"

"Rárá."

"Ó lé yín?"

"Rárá. Ó wò mí."

Ìyá Ìbejì wò ó títí. "Èmi náà ń wò yín báyìí. Ṣé ẹ ti kú?"

Ojú ti Awọnjò gan-an. Ó ní òun ò ní fi ojú wọn òjò mọ́ láé.

Òjò tún rọ̀ mọ́jú. Ní aago méje, fóònù Ìyá Ìbejì dún. "Méjìlélógójì! Mo wọ̀n ọ́n! Ọ̀pọ̀lọ́ fò jáde látinú agolo, mo ṣubú, ṣùgbọ́n omi ìgò ò dànù!"

"Ẹ ti dìde?"

"Rárá. Àyà mi ló jókòó sí. Ó ń wò mí."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa wò ó," ni Ìyá Ìbejì wí. "Mo ti ń gbé ẹ̀rọ sókè."