Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Bàbá Mi

Òórùn awọ tí òjò pa ló dá mi dúró lẹ́nu ìsọ̀ aránbàtà láàárọ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù ayé ìgbà èwe mi máa ń rùn bẹ́ẹ̀ bí omi bá ti rin ín.

Tíṣà ni bàbá mi ní Ìsẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkéré ni. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ìkéré rí, ó sì fi ẹgbẹ́ náà lé èmi ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ bí ogún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wá bá Ìsẹ̀ gbá. Àwa méjèèjì nìkan là ń pàtẹ́wọ́ fún wọn láàárín èrò. Òjò ń rọ̀, Ìsẹ̀ sì gbá góòlù mẹ́fà wọlé wa.

Aládùúgbò wa kan rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, tiyín ti kú o!"

Bàbá mi ní, "Òkú wa náà là ń tọ́jú."

Mo bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ jẹ́ á re ulé."

"Ó di ìgbà tí fèrè bá dún. A kì í sá fi ẹni tí wọ́n ń nà sílẹ̀."

Ó wúkọ́ sínú áńkáṣífù. Mo rí àmì pupa lára rẹ̀, mo rò pé obì ló jẹ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù pé ikọ́ ife tó ń bá a jà ti kọjá agbára àwọn.

Ìkéré ò borí títí bàbá mi fi kú. Ọdún kejì ikú rẹ̀ ni wọ́n jàjà na Ìsẹ̀. Mo sáré délé, mo ń pariwo, "Bàbá, a ti borí!" Mo ti ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kí n tó rántí.