Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mi Lórí Yìnyín

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí. Ọ̀sán Sátidé ni, nǹkan bí aago méjì, omi ọsàn tí mo rà fún ọmọ mi nìkan ló sì kan ẹnu mi. Ojú mi yìí ló rí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á.

Iléeṣẹ́ ìfọpo ní Deer Park, nítòsí Houston, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti kúrò ní Abẹ́òkúta. Ní gbogbo ọdún yẹn, bí bàbá mi bá ti pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń sọ: "Mò ń bọ̀, sà. Dìsẹ́ńbà yìí ni." Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, mo sì mọ̀ pé mi ò lè lọ, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ wí fún arúgbó?

Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Èmi ni àkọ́bí, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí. Mo ní kí àwọn àbúrò mi dúró dè mí, pé mò ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni bàbá mi fi wà nínú yìnyín mọ́ṣúárì nítorí tèmi. Nígbà tó sú àwọn àbúrò mi, wọ́n sin wọ́n. Orí fóònù ni mo ti wò ó, lásìkò ìsinmi oúnjẹ níbi iṣẹ́. Mo jẹ búrẹ́dì mi tán, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sunkún. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ara mi ti kú tipiri.

Ìyàwó mi ló ní kí èmi àti Tiwa, ọmọ wa ọmọ ọdún méje, lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ní eré orí yìnyín, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ ilẹ̀ rẹ̀ di yìnyín. Ó ní bóyá ara mi á yá díẹ̀. Ẹ wò ó, oòrùn ń yan èèyàn bí ẹ̀pà níta, èmi àgbàlagbà Ẹ̀gbá wọ súwẹ́tà, mo wọ bàtà tó ní irin nídìí, mo di ògiri mú. Tiwa fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí, kọ́ wa ni bí a ṣe ń ṣubú àti bí a ṣe ń dìde. Gbogbo wa ń dán an wò nígbà tí mo gbójú sókè.

Bàbá mi ló dúró láàárín yìnyín.

Agbádá funfun tí wọ́n fi sin wọ́n ló wà lọ́rùn wọn. Òwú wà níhò imú wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró. Wọ́n ká apá mọ́ àyà, àwọn ọmọdé sì ń yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìyà fún wọn.

Ẹlòmíì á sá. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló máa rí bàbá ẹ̀ tó máa wà lóòró? Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi àyà lélẹ̀ lórí yìnyín.

"Ẹ káàsán, sà," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí mi. "Òtútù ń mú mi. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí òkú bá pe èèyàn, èèyàn kì í dáhùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún bí ọdún mẹ́wàá kì í dúró bi orí léèrè.

"Mò ń bọ̀, sà."

Wọ́n mi orí bí ẹni tó gbà, wọ́n sì tú apá wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo máa tún wòkè, olùkọ́ wa ló dúró síbẹ̀. "Good fall, sir," ló wí. "Now try to get up."

Nínú mọ́tò, Tiwa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn. "Daddy, that grandpa you were greeting, why is he not wearing shoes?"

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ń wa mọ́tò mi lọ lórí freeway. Àyà mi níbi tó ti kan yìnyín kò tíì móoru títí di òní. Kò dùn mí. Mo kàn mọ̀ pé ó tutù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ìwé ìgbélùú mi dé. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ń sunkún ayọ̀. Ó ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú báyìí, ó ní kí n lọ da iyẹ̀pẹ̀ tèmi sí ibojì bàbá mi. Mi ò tíì sọ ohun tí mo rí lórí yìnyín fún un. Mi ò mọ̀ bóyá Abẹ́òkúta ni mo sọ pé mò ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí àwọn òbí yín ń pè, bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò lè lọ. Bí wọ́n bá sì ti kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró dè yín nínú òtútù.

Ọ̀la ni kíláàsì wa kejì. Tiwa ti di báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú wo inú rẹ̀, mo rí ìbọ̀sẹ̀ mi méjì tó nípọn jù. Ó ní ti bàbá àgbà ni.