Ọwọ́ Òsì Bàbá Tolliver

Sìmíátù ló kọ́kọ́ dé Chicago. Òun ló lọ gbé Kàfáyàtù, ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀, ní éápọ́ọ̀tù O'Hare. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, òun náà ló mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kò tíì ju ọdún méjì lọ, ọmọ náà ti di ààyò gbogbo ayé. Ta ni inú ò ní bí?

Ní 1986 yẹn, tíṣà wọn, Mrs. Kessler, ní kò sẹ́ni tó máa jókòó sí class nìkan kó di nọ́ọ̀sì. Gbogbo Friday, kí wọ́n lọ bá àwọn arúgbó ní building kan ní South Side, kí wọ́n wo bíì-pí wọn, kí wọ́n bá wọn gba oògùn wá, kí wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rí kọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù, ẹnì kan péré o, ni tíṣà máa kọ lẹ́tà fún kó fi wáṣẹ́ ní hospital Hyde Park. Bẹ́ẹ̀dì hótẹ́ẹ̀lì tí Sìmíátù ń tẹ́ ní Des Plaines ti sú u. Lẹ́tà yẹn, tiẹ̀ ni, ó ti parí!

Arúgbó tí wọ́n pín fún un ni Bàbá Tolliver, aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, tó wa bọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo Friday ni bàbá ń na súìtì sí i. Àmọ́ kí ló máa ń bèèrè? "Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ yẹn dà?" Torí Kàfáyàtù ń kúnlẹ̀ kí wọn! Ní Amẹ́ríkà! Sìmíátù ti fi ìkúnlẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ n'Íbàdàn.

Friday kan ní November, Sìmíátù já jáde láti yàrá bàbá sí corridor, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata. Kàfáyàtù ń bọ̀.

"Ọwọ́ òsì ni bàbá yẹn fi na súìtì sí mi! Èmi! Ó tún ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ rí mi."

"Àǹtí Sìmí, àwọn ará ibí ò mọ̀ pé ọwọ́ òsì..."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ọ̀tún ló ń fi fún mi tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo kọ́ ọ, àbí? Lọ bá a, ṣebí ìwọ ló fẹ́."

Kàfáyàtù dúró. "Ọ̀tún ló ń lò tẹ́lẹ̀?"

"Kí ni mo ń sọ?"

"Àǹtí, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wá ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni Sìmíátù tó rántí. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá wà lórí itan ẹ̀ bí aṣọ tútù. Ó fi ojú ara ẹ̀ rí i. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn nípa stroke, ìlara ti bò ó mọ́lẹ̀.

Wọ́n jọ sáré wọlé. Ẹnu bàbá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kàfáyàtù di bàbá mú, Sìmíátù pe àńbúláǹsì.

Ní Monday, tíṣà ní bàbá ti ń gbádùn. Ó ní ta ló kọ́kọ́ rí àmì àìsàn náà? Sìmíátù doríkodò, ó ń retí kí Kàfáyàtù dárúkọ ara ẹ̀.

"Àǹtí mi ni," Kàfáyàtù wí. "Òun ló sọ fún mi pé bàbá ti pààrọ̀ ọwọ́."

Class pàtẹ́wọ́. Tíṣà ní lẹ́tà ti di ti Sìmíátù.

Ẹ wo wàhálà! Ó rí ohun tó ń wá, inú ẹ̀ tún wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ yìí tún fi ìwà jù ú lọ! Ó fa ìwé ẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ pé: "Mo rí i, ìwọ̀sí ni mo pè é. Kàfáyàtù ló mọ̀ pé àìsàn ni. Òun ni kí ẹ fún ní lẹ́tà." Ó sáré jù ú sórí tábìlì tíṣà kó tó yí ọkàn padà.

"Àǹtí, kí lẹ kọ?"

"Kò kàn ẹ́! Ṣé ìwọ nìkan ló fẹ́ wọ àlùjánńà ni?"