Iyán Nínú Kúlà Ọmọ Mi

Ẹni tó bá ní iyán kì í ṣe oúnjẹ ilé ìwé, kó wá sọ ọ́ ní Kàbà níbí, kó sì sọ ọ́ lójú mi. Àńtí tó ń kọ́ ọmọbìnrin mi sọ ọ́. Ojú mi náà ló ti sọ ọ́, lẹ́nu géètì, níwájú àwọn òbí yòókù.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, iyán ń mú ọmọ sùn ní kíláàsì. Ẹ máa fún un ní núdùsì àti bisikíìtì bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Àńtí." Ọpẹ́ orí ahọ́n lásán ni.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi ni mo ń di oúnjẹ ọmọ. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in lọ. Ẹ̀rín kì í yó ọmọ. Ohun tó dùn mí ni pé oúnjẹ ti ń padà wálé. Ọmọ á gbé kúlà jáde láàárọ̀, á gbé iyán tó ti le gbagidi padà lọ́sàn-án, ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúbúlẹ̀. Mo fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè.

"Dádì, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Olóko. Mi ò jẹ iyán mọ́ nílé ìwé."

Ṣé kí n torí ìyẹn fi iṣu oko mi sílẹ̀ fún bisikíìtì? Láéláé! Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé agídí bàbá kò lè wọ ikùn ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gbé odó síta. Mo ti se ẹ̀gúsí, mo fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja yíyan sí i, ó ki dáadáa. Mo ń gún iyán lọ, gbì, gbì, ni mo rí bàbá àgbàlagbà tí ilé wọn kángun sí tiwa, tí wọ́n gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

"Òkun o!" ni wọ́n fi kí mi bí àṣà wa. "Oko ta là ń lọ?"

Háà! Mo ti gbàgbé. Ládùúgbò wa, ẹni tó bá gún iyán ní ìdájí, àwọn tí yóò bá a ro oko lọ́wẹ̀ ló ń gún un fún.

"Bàbá, kò sọ́wẹ̀ o. Oúnjẹ ilé ìwé ọmọ mi ni."

Wọ́n wo odó, wọ́n wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó rẹ mà ti fi ọ́ ṣe ìyàwó o!"

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun, Bàbá. Ẹni tó gbé ọkọ́ wá kì í lọ lófìfo."

Ọmọ mi ti jí, ẹ̀rín ń pa á. Mo ní kó wá bá mi ṣe é. A bu iyán kéékèèké, a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, a fi ọbẹ̀ sáàárín, a yí i roboto bí ẹyin. Ó gé tòmátò, ó fi ṣe ojú àti ẹnu sára ọ̀kan, ó ní Bàbá nìyẹn. Bàbá gbé ojú ara wọn mì, wọ́n ní kò burú.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá jẹ iyán, ṣé ẹ máa ń sùn lóko?"

"Kí n sùn kẹ̀? Ta ni yóò bá mi kọ ebè?"

A fi ewé eéran pọ́n ìyókù, kó má baà le, ó dinú kúlà.

Lọ́sàn-án, mo dúró dè é ní géètì. Kúlà fúyẹ́. Mo ṣí i, ewé nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe pé o dà á nù?"

"Rárá o! Mo jẹ méjì, àwọn ẹgbẹ́ mi já ìyókù gbà jẹ."

Àńtí ti ń bọ̀. "Dádì, iyán yìí náà lẹ tún..."

"Àńtí, mi ò sùn," ni ọmọ mi wí. "Bàbá àdúgbò wa jẹ ẹ́, wọ́n sì lọ kọ ebè."

Mo gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Àńtí ní lóòótọ́, kò sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, odó tún dún. Ohùn Bàbá ta wá láti ojú ọ̀nà: "Oko ta là ń lọ lónìí?"

Kí n tó lanu, ọmọ mi ti pariwo láti ilé ìdáná: "Oko ilé ìwé ni, Bàbá! Ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀, abọ́ ni kẹ́ ẹ mú wá!"